Mo Kọ Orúkọ Fúnlọ́lá Sára Káàdì Tó Ti Kú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má tíì ṣàánú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán ná. Bí ẹ bá kà á dé ìparí tí ẹ sì rí i pé èébú ló tọ́ sí mi, ẹ bú mi, mi ò ní bínú. Èmi fúnra mi ti bú ara mi títí ó ti sú mi.

Mùnírù ni orúkọ mi. Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe ní France Road, ní Sabon Gari. Ìlú Kano yìí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni bàbá mi ti ránṣọ títí ó fi kú. Bí ẹ bá dé àdúgbò wa tí ẹ béèrè Mùnírù mai kwamfuta, ọmọdé pàápàá á mú yín dé ṣọ́ọ̀bù mi. Mò ń fọ́nnu, mo mọ̀. Ìfọ́nnu yẹn gan-an ló kó bá mi.

Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ gbé Fàtíyà níyàwó. Bàbá rẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Sàkáríyà, ló dúró bíi bàbá fún un. Sàkáríyà ní ṣọ́ọ̀bù fídíò, òun ló máa ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ káàkiri Sabon Gari. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í yin ènìyàn. Wọ́n ti mú ọjọ́ yìgì fún wa, ó ku oṣù méjì, ló bá gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi.

"Àwòrán ń já lójú ẹ̀," ó ní. "Tún un ṣe, ká mọ irú àna tí a fẹ́ ní."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Irú láàpútọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀rọ àwòrán méjì nínú. Ọ̀kan kéré, ara ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà ló wà, iṣẹ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ló wà fún. Èkejì jẹ́ káàdì ńlá tó ṣeé tú jáde, òun ló ń gbé iṣẹ́ tó wúwo. Káàdì ńlá ti Sàkáríyà ló ń ṣàìsàn. Mo tú u, mo ń fi atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ ẹ, bí a ṣe máa ń ṣe kí ibi tó ti já lè lẹ̀ padà. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀, Fàtíyà ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kí n tó mọ̀, òórùn iná ti gba ṣọ́ọ̀bù kan. Mo dán káàdì náà wò. Ó ti kú.

Kí ló ṣòro nínú kí n sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ó bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́"? Ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Àna mi ló ń wò mí. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Fúnlọ́lá wọlé.

Olúfúnlọ́lá jẹ́ ọmọ Bàbá Adékànmí, alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà ní Noman's Land. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ sórí tábìlì. Irú kan náà ni pẹ̀lú ti Sàkáríyà, àwọ̀ kan náà, ọdún kan náà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé Linux ni Fúnlọ́lá ń lò lórí tirẹ̀, kì í ṣe Windows.

"Bọ̀ọ̀dá Mùnírù, mo ṣe update lánàá," ó ní. "Látìgbà yẹn, tí mo bá ti tàn án, ojú ẹ̀ á kàn dúdú ni. Ẹ jọ̀ọ́, I no fit lose this work o. Four weeks ni wọ́n fún mi."

"Ta ló fún ẹ?"

Ó ṣàlàyé fún mi. Iléeṣẹ́ kan l'Ékòó tó ń ṣe fíìmù kátúùnù ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n máa gbà síṣẹ́. Wọ́n ní kó fi fíìmù oníṣẹ́jú méjì ránṣẹ́. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ àgbà kọ́kọ́ wọ rélùwéè láti Ọ̀fà, tó sọ̀kalẹ̀ sí Kano pẹ̀lú ẹrù lórí, ni Fúnlọ́lá fi ṣe tirẹ̀. Igba èèyàn ló kó sí ibùdókọ̀ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà: alágbàárù, ọlọ́pàá, àwọn ìyá tó pọnmọ, bàbá kan tó ń ta obì. Oṣù márùn-ún ló ti fi ṣe wọ́n kí iléeṣẹ́ náà tó kéde pé àwọn ń wá èèyàn.

"Tí wọ́n bá gbà mí, Daddy mi á sinmi," ó ní. "Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, aago ni wọ́n ṣì ń tún ṣe."

Àṣà kan wà ní France Road. Kí oníbàárà tó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, a óò tú u lójú rẹ̀, òun náà á sì fi máàkà kọ orúkọ rẹ̀ sára ohun gbogbo tó níye lórí nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà pààrọ̀ rẹ̀. Àwa oníṣẹ́ la dá àṣà yẹn sílẹ̀, nítorí a mọ ara wa. Fúnlọ́lá kọ orúkọ sára káàdì ńlá rẹ̀. Ó fa àgbélébùú kékeré kan síwájú orúkọ náà.

Ohun tó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ ò tó nǹkan. Dírẹ́bà, ìyẹn ètò tó ń darí káàdì ńlá, ló ń bá ètò tuntun tó gbà sórí rẹ̀ jà. Mo tún dírẹ́bà náà fi síbẹ̀. Mo tún ṣe ìlà méjì tí yóò máa yọjú bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà. Bó bá yan ìlà kìíní, ẹ̀rọ àwòrán kékeré ni yóò ṣiṣẹ́. Bó bá yan ìkejì, káàdì ńlá ni. Bí ọ̀kan bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, kó tún un tàn, kó yan èkejì. Mo dán méjèèjì wò, wọ́n ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, iṣẹ́ ti parí.

Ibi tó yẹ kí n ti dáwọ́ dúró nìyẹn.

Àmọ́ láàpútọ́ọ̀pù méjèèjì wà níwájú mi, wọ́n jọra bí ìbejì. Káàdì ọ̀kan yè, ti èkejì ti kú. Mo dìde, mo ti ìlẹ̀kùn. Mo tún ṣí i. Mo tún tì í. Mo ní Fúnlọ́lá ò ní mọ̀. Mo ní ẹ̀rọ kékeré á gbé e, ṣebí kátúùnù lásán ni. Mo ní màá ra káàdì mìíràn fún un tí yìgì bá ti kọjá. Ẹni tó bá ti fẹ́ ṣe ibi kì í wá àwáwí tì.

Mo pààrọ̀ wọn.

Mo fi sípírítì nu orúkọ Fúnlọ́lá kúrò lára káàdì rẹ̀, mo kọ ti Sàkáríyà síbẹ̀. Mo nu ti Sàkáríyà kúrò lára òkú káàdì, mo mú máàkà, mo kọ "Fúnlọ́lá" sí i. Mo rọra kọ ọ́, mo tẹ lẹ́tà bó ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó wá ku àgbélébùú. Ọwọ́ mi dúró. Mùsùlùmí ni mí, mi ò fa àgbélébùú rí láyé mi. Mo ní, "Astagfirullah, mi ò ní ṣe ìyẹn." Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo olè tó ń ṣọ́ ẹ̀sìn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mo fi ìlà méjèèjì pamọ́, kí kọ̀ǹpútà Fúnlọ́lá má baà bi í léèrè èwo ló fẹ́ lò. Bó bá ti tàn án, ẹ̀rọ kékeré ni yóò máa bá lọ tààrà.

Lọ́jọ́bọ̀, Sàkáríyà wá tan tirẹ̀ wò. Ó wò ó títí. "Wallahi, o mọṣẹ́," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́, Fàtíyà pè mí, ó ní orúkọ mi ni ẹ̀gbọ́n òun ń pè láti ọ̀sán. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn gan-an.

Nígbà tí Fúnlọ́lá dé, mo ti mọ ohun tí màá sọ. "Káàdì ńlá yẹn àti Linux tuntun yìí ò lè gbé pọ̀ mọ́," mo ní. "Kékeré ni kó o máa lò. Bó o bá rí ìlà kejì níbi kankan, má tẹ̀ ẹ́ o."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó tún kúnlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó padà wá. "Bọ̀ọ̀dá, it's too slow. Àwòrán kan ṣoṣo, wákàtí mẹ́ta, á tún kú sáàárín. Ẹ má bínú, mo wá ìlà kejì yẹn lẹ́ẹ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́. Ó kàn gan ni."

"Ṣé mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ?" Mo gbójú mọ́ ọn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. "Ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ tìrẹ ló wúwo jù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí, wọn kì í kó igba èèyàn sínú fíìmù ìṣẹ́jú méjì."

Ó wò mí lójú. "Ṣé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni?"

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni," mo ní.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó tún dé. Ó ti dín èèyàn rẹ̀ kù sí ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ ẹ̀rọ ò gbé e. Ó ti rù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàárà, ó gbé kọ̀ǹpútà lé ẹsẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ni kí n ṣe? Ó ku ten days."

Mo kàn fẹ́ kó lọ. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ mọ́. "Pa wọ́n rẹ́," mo ní. "Pa wọ́n rẹ́ pátápátá, èyí tó o tọ́jú síbòmíràn pàápàá, àyè ni gbogbo wọn ń gbà." Irọ́ gbáà ni. Títọ́jú wọn ò pa ẹ̀rọ lára. Ohun tí mo ń wá ni kí iṣẹ́ náà fúyẹ́ débi pé kò ní wá ṣọ́ọ̀bù mi mọ́.

Ó ṣe é níbẹ̀, lójú mi. Ó ti sọ gbogbo wọn lórúkọ, ó sì ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó pa wọ́n rẹ́. Nígbà tó kan bàbá tó ń ta obì, ó dúró díẹ̀. "Daddy mi ni mo wò tí mo fi ṣe eléyìí," ó ní. Ó pa á rẹ́. Ó yọ flash láti inú báàgì, ó nu èyí tó wà níbẹ̀ náà. Mo yíjú sí ògiri, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá ìdè ẹ̀rọ.

Ẹ̀yìn ìgbà tí àṣírí tú ni mo tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Fúnlọ́lá fi fíìmù náà ránṣẹ́. Iléeṣẹ́ náà dáhùn. Wọ́n ní ìrìn ìyá àgbà yẹn dára, wọn ò rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn yòókù, àmọ́ kí ló dé tí ibùdókọ̀ ṣófo? Níbo ni èèyàn wà? Wọ́n ní bó bá lè kó èèyàn sí i kó tó di ọjọ́ Ajé, àwọn á tún un wò.

Ẹ̀rọ rẹ̀ ò lè gbé èèyàn. Praise, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, ló sọ fún un pé Sàkáríyà onífídíò ní irú láàpútọ́ọ̀pù yẹn, kó lọ bẹ̀ ẹ́. Fúnlọ́lá lọ. Sàkáríyà tó le koko yẹn gbà pé kó wá máa lò ó láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Fúnlọ́lá yọ disk tí iṣẹ́ rẹ̀ wà láti inú ẹ̀rọ tirẹ̀, ó fi sínú ti Sàkáríyà.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, fóònù mi dún.

"Mùnírù, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi," Sàkáríyà ní. "Yanzu-yanzu, kíá báyìí."

Mo sáré lọ, mo rò pé ọ̀rọ̀ yìgì ni. Fàtíyà wà níbẹ̀, ó gbé oúnjẹ wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fúnlọ́lá jókòó síwájú láàpútọ́ọ̀pù méjèèjì.

"Ọmọ yìí ní nǹkan kan ò yé òun," Sàkáríyà ní. "Ó ní ìwọ lo máa ṣàlàyé."

"Bọ̀ọ̀dá Mùnírù," Fúnlọ́lá ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "disk mi ló wà nínú laptop Bọ̀ọ̀dá Sàkáríyà báyìí. Mo tàn án, mo yan ìlà kejì. It worked. Linux mi kan náà, tí ẹ ní kò lè bá káàdì gbé."

"Ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ," mo ní.

"Yes sir. Àmọ́ program tí mò ń lò máa ń kọ nọ́ńbà káàdì tó bá ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ wo ti oṣù tó kọjá, kí n tó gbé e wá bá yín. Ẹ wá wo ti òní." Ó nawọ́ sí i. Nọ́ńbà kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Báwo ni káàdì mi ṣe dé inú laptop Bọ̀ọ̀dá Sàkáríyà?"

Mo ní kọ̀ǹpútà máa ń ṣi nọ́ńbà kọ nígbà mìíràn. Mo ní bí kò bá dá a lójú, kó tú tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára káàdì rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó dá mi lójú pé mo kọ ọ́ dáadáa.

Ó tú u. Ó yọ káàdì náà, ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́, ó sì gbé e fún Fàtíyà. "Auntie, kì í ṣe èmi ni mo kọ eléyìí. Nílé wa, a kì í kọ orúkọ wa láìfa àgbélébùú síwájú ẹ̀. Daddy mi ò gbà á rárá, látìgbà tí mo ti wà ní nursery."

Ọwọ́ pálábá mi ségi.

"Ta ló kọ ọ́?" Sàkáríyà béèrè.

Mo wólẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: káàdì tó jó mọ́ mi lọ́wọ́, sípírítì, ìlà tí mo fi pamọ́, àwọn èèyàn tí mo ní kó pa rẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìtìjú yín ló kó mi sí i. Mi ò fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ba káàdì yín jẹ́."

Sàkáríyà ò pariwo.

"Haba, Mùnírù. Káàdì yẹn ti ń kú lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹnì kan ní Tarauni ti fẹ́ iná sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ fún mi pé ìgbà kẹta ni yóò pa á, kí n kúkú ra òmíràn. Mo ti ń wá èyí tí màá rà. Mo kàn gbé e fún ọ bóyá orí á bá a ṣe é ni. Ká ní o sọ pé ó ti kú, màá ní shike nan, ó ti tán, màá máa bá tèmi lọ."

Mi ò mọ bí màá ṣe sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ̀ mí lára. Mo ti ba ti ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ nítorí ẹ̀sùn tí ẹnikẹ́ni ò ní fi kàn mí.

Fàtíyà ṣì mú káàdì náà lọ́wọ́. "O bẹ̀rù láti fa àgbélébùú," ó ní, "amma o ò bẹ̀rù láti jalè?"

Ó yí káàdì náà wò.

"Olè yẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù," ó ní. "Ọmọ yìí bi ọ́ léèrè bóyá òun ni òun ò mọ̀ ọ́n ṣe, o jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìwọ bá ṣàṣìṣe nínú ilé, èmi lo máa sọ pé orí mi ò pé." Ó gbé káàdì náà sílẹ̀, ó kó abọ́ rẹ̀, ó jáde. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Sàkáríyà ránṣẹ́ sí àwọn àgbà wa pé kò sí yìgì mọ́.

Mo dá káàdì Fúnlọ́lá àti disk rẹ̀ padà sínú ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, Sàkáríyà dúró tì mí. Mo tú ìlà méjèèjì sílẹ̀. Ó yan ìkejì, ẹ̀rọ náà sì ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó lè gbé igba èèyàn báyìí. Àmọ́ kò sí èèyàn tó máa gbé. Oṣù márùn-ún ló fi ṣe wọ́n, ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mọ́kànlá ló rí ṣe. Iléeṣẹ́ náà kí i pé ó ṣeun, wọ́n mú ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ ń ka èyí, bí nǹkan bá bà jẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Oníbàárà á bú yín, ẹ ó sùn, ilẹ̀ á mọ́. Ẹ má ṣe sọ fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo lè ra káàdì. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta èyí tí mo gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo lọ sí Noman's Land láti bẹ bàbá rẹ̀. Bàbá Adékànmí gbé awò kékeré tó fi ń wo aago kúrò lójú, ó ní kí n jókòó. Kò bú mi. Ó gbàdúrà fún mi lórúkọ Jésù, mo ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ó pe ọmọ rẹ̀ jáde.

Fúnlọ́lá kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní òun ti dárí jì mí, kí n má dààmú mọ́. Ó fẹ́ wọlé, ó tún dúró.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí mò ń pa àwọn èèyàn yẹn rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yín, tí mò ń pe orúkọ wọn, ṣé ẹ̀ ń gbọ́?"

Mo ronú láti sọ pé mi ò gbọ́. Ó ti wà lẹ́nu mi.

"Mò ń gbọ́," mo ní. "Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́."

Ó mi orí. "Ẹ ṣeun tí ẹ ò purọ́ lórí ìyẹn," ó ní, ó sì wọlé lọ.